Agolo Kan Kì Í Yá Èkejì Lówó

Ara mi kì í gba ìjókòó. Ìyá tó bí mi sọ ọ́ títí ó fi kú, ọkọ mi ń sọ ọ́ títí dòní. Àwọn tá a jọ ń ránṣọ ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé wọ́n ní lọ́jọ́ tí mo bá kú, èmi fúnra mi ni màá dìde lọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n kan pósí mi dáadáa. Nítorí náà, nígbà tí dókítà ojú dárúkọ iye owó tí iṣẹ́ abẹ ìyá ọkọ mi máa jẹ, kí ọkọ mi tó mí kanlẹ̀ tán, èmi ti ń ṣírò lẹ́yìn káàdì ilé ìwòsàn.

Ojú ọ̀tún Màmá ti lọ tipẹ́. Ti òsì ló kù, awọ funfun kan sì ti ń bò ó díẹ̀díẹ̀ bí èéfín ṣe ń bo gíláàsì àtùpà. Dókítà ní oṣù mẹ́rin ni òun lè fún wa. Bí awọ náà bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ò lè ṣèlérí pé iṣẹ́ abẹ á ràn án mọ́. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó sì kọ ọjọ́ sílẹ̀ fún wa. Màmá jókòó sáàárín wa, ó gbé báàgì rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí apá ibi tí kò sí ẹnì kankan.

Bébà owó ńlá àádọ́rùn-ún, láàárín oṣù mẹ́rin. Ọkọ mi, olówó orí mi, kunlékunlé ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, owó ń wọlé. Nígbà òjò, ògiri kì í gbẹ, ọ̀dà kì í mú, òun náà á wá máa rìn yíká inú ilé bí ẹni tó ń wá ẹsẹ̀ bàtà kan. Òjò ló sì ń bọ̀ lọ́nà yìí. Èmi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ ilé ìwé. Àwọn kan ń rán apá, àwọn kan ń rán àpò, kọ́là ni tèmi, iye kọ́là tí mo bá sì rán lóòjọ́ ni iye owó tí mo máa gbà. Ọmọ méjì la bí, obìnrin ni àwọn méjèèjì. Àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Ìbéèrè, ẹni tó bá sì bá a jókòó fún wákàtí kan kò ní béèrè ìdí rẹ̀.

Agolo mẹ́rin ni mo fọ̀. Agolo mílíìkì ni gbogbo wọn, bákan náà ni wọ́n rí, ọkọ mi wá fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù kùn wọ́n. Aláwọ̀ ewé ni Oúnjẹ. Dúdú ni Ọkọ̀, èyí tá a fi ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ àti ilé ìwé. Pupa ni Ilé, owó ilé àti owó iná ló wà fún. Funfun ni Ojú. Mo tò wọ́n sórí pẹpẹ tó wà lókè àga Màmá, nítorí ibẹ̀ ni èèyàn kì í tán. Lọ́jọ́ Sátidé tá a bẹ̀rẹ̀, mo pe gbogbo wọn jọ, mo ka òfin. Owó tó bá wọlé, kí ẹnikẹ́ni tó fi ra abẹ́rẹ́, inú agolo ni á kọ́kọ́ dé. A kì í tú agolo Ojú wò àfi lọ́jọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Èyí tó ga jù lọ ni pé agolo kan kì í yá èkejì lówó.

"Bí ebi bá ń pa agolo Oúnjẹ ńkọ́?" Ìbéèrè bi mí.

"Kó gbààwẹ̀."

"Bí agolo Ojú bá yó ńkọ́?"

"Kì í yó. Dákẹ́."

Ọkọ mi yíjú sí ìyá rẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ wá rí i báyìí pé Báńkì ni mo fẹ́ sílé." Láti ọjọ́ yẹn ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ mi lára. Màmá ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sókè, ó fọwọ́ tọ́ agolo kọ̀ọ̀kan wò láti òpin pẹpẹ kan dé èkejì, ó ní, "Ìyàwó mi, èwo ni tèmi nínú gbogbo wọn?" Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e lé e. Ìkẹrin ni, èyí tó wà lápá ògiri.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí mo dà ní oṣù kìíní yẹn, kó lọ bi ọṣẹ wa. Mo gé ọṣẹ kan sí mẹ́rin, mo sì mọ ẹni tó bá fi tiẹ̀ sínú omi. Ife tíì ni mo fi ń wọn ìrẹsì. Ẹyin kan ni fún ọmọ méjì. Ẹran kúrò nílé wa láìdágbére. Bí ọkọ mi bá fẹ́ fi ṣúgà sí tíì, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn. Mi ò wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ mọ́, mo ń fẹsẹ̀ rìn ín, mo sì ń fi owó rẹ̀ sínú agolo funfun. Ní ti oúnjẹ ọ̀sán, ìyẹn rọrùn. Níbi iṣẹ́, mo ń sọ pé mo ti jẹun nílé. Nílé, mo ń sọ pé mo ti jẹun níbi iṣẹ́. Irọ́ méjèèjì ò mọ ara wọn, nítorí náà wọn ò jà.

Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Bí mo bá ti iṣẹ́ dé, kí n tó bọ́ bàtà, ọwọ́ mi á ti wà lórí pẹpẹ. Màá gbé agolo Ojú, màá gbé e kalẹ̀. Owó bébà kì í dún, kì í sì í wúwo, ṣùgbọ́n mo ṣáà ń gbé e. Màmá á gbọ́ mi lókè orí rẹ̀.

"Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Màmá."

"Jókòó, ìyàwó mi. Àga ò gbóná."

Mi ò ní jókòó. Màá lọ wo bóyá wọ́n ti pa iná yàrá.

Agolo Oúnjẹ ló ń wú mi lórí jù. Ọjà ń wọ́n sí i lójoojúmọ́. Àwọn obìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń ráhùn pé owó oúnjẹ kì í lò tó ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ àwọn. Tèmi ń lo oṣù kan gbáko. Gbogbo àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń mú owó ọjà, bí mo bá sì ki ọwọ́ bọ agolo aláwọ̀ ewé, tí mo rò pé ìka mi á kan ìdí agolo, owó á ṣì wà níbẹ̀. Mi ò kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ rí. Agolo Ojú nìkan ni mo ń kọ ìwé fún. Mo ní owó oúnjẹ kò nílò ìwé, pé ìbùkún ló wà lọ́wọ́ mi. Mi ò sì fi mọ sọ́dọ̀ ara mi. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, tí àwọn yòókù bá ń jẹun, wọ́n á yí mi ká, màá sì máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣọ́wó ná. Obìnrin tó ń rán àpò, tó sanra, tí ẹnu rẹ̀ mú, wò mí lọ́jọ́ kan láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ tó o mọ owó ná tó báyìí," ó ní, "kí ló dé tí síkẹ́ẹ̀tì ń bọ́ nídìí rẹ?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, mo fi pínnì mú ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì náà pọ̀, mo padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Nígbà tí Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù kìíní dé, mo da agolo Ojú sórí ibùsùn. Ìwé mi sọ pé bébà méjìlélógún ló yẹ kó wà níbẹ̀. Méjìdínlógún ni mo kà. Mo tún un kà. Mo da agolo náà dé, mo gbá ìdí rẹ̀. Mo rò pé èmi ni mo ṣìwé kọ, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ lè kọ nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kejì, mo kọ ìwé náà bí ẹni pé wọ́n máa kà á ní kóòtù. Nígbà tí mo tún kà á, bébà márùn-ún ló dín. Oṣù méjì ti lọ, a ò tíì ní ìdajì, ẹnì kan nínú ilé mi sì ń mú owó ojú Màmá.

Olójú kì í lajú rẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ kó wọ̀ ọ́. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn, mo sì la ojú mi. Ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ fura sí. Òjò ti dé nígbà yẹn, ó ń jókòó sílé, mo sì rí búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tuntun kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Ìbéèrè, kí lẹ mú lọ́wọ́ yẹn?"

"Búrọ́ọ̀ṣì ni."

"Mo rí i pé búrọ́ọ̀ṣì ni. Níbo lẹ ti rí i?"

"Ọ̀gá tí mo bá kun géètì ló fún mi, kò rí owó tó kù san. Kí ló dé?"

"Owó ń dín nínú agolo Ojú."

Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀. "O rò pé mo ń jí owó ojú ìyá mi?"

Mi ò dá a lóhùn. Ká ní mo dá a lóhùn, kódà kí n bú u, ì bá sàn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń kí mi bí ẹni tá a jọ pàdé nínú ọkọ̀. "Ẹ káàárọ̀, ìyá." "Ẹ kú iṣẹ́, ìyá." Kò pè mí ní Báńkì.

Mo wá ro ó. Ta ló máa ń délé kí èmi tó dé? Àkọ́bí mi ni. Ta ló máa ń wà nílé pẹ̀lú Màmá lọ́sàn-án, tó lè nawọ́ sí pẹpẹ láìgun àga? Òun náà ni. Ó sì ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ọjọ́ orí tí ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ nǹkan tí kò ní sọ. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan, mo dé, mo rí i pé ọmọrí agolo funfun kò dé dáadáa. Orí mi gbóná. Mi ò bọ́ bàtà, mi ò kí ẹnikẹ́ni. Mo gbé báàgì ilé ìwé rẹ̀, mo dà á sílẹ̀ láàárín pálọ̀, lójú ìyá àgbà rẹ̀, lójú àbúrò rẹ̀.

Ìwé mẹ́rin ló jábọ́, rúlà tó ti kán, pẹ́ńsù tó ti kúrú débi tí kò ṣeé dì mú mọ́, àti ìbọ̀sẹ̀ kan tó fi òwú àwọ̀ méjì rán fúnra rẹ̀. Kò sí owó. Ọmọ náà dúró, ó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sílẹ̀.

"Mọ́mì, mi ò mú nǹkan kan."

"Ta ló wá mú un? Ṣé agolo ló ń jẹ owó ni?"

"Mi ò mọ̀, Mọ́mì."

Mo ti gbé ọwọ́ sókè. Màá sọ òótọ́, mo ti gbé e sókè.

"Fi ọmọ yẹn sílẹ̀," Màmá sọ láti orí àga. "Èmi ni."

Mo gbé ọwọ́ mi wálẹ̀. Kódà Ìbéèrè ò rí nǹkan kan béèrè.

"Ẹ̀yin kẹ̀, Màmá?"

"Èmi ni. Gbogbo Ọjọ́rú, bí ilé bá ti dá. Màá dìde, màá fọwọ́ wá èyí tó wà lápá ògiri, tèmi nìyẹn. Màá mú ẹyọ kan, èyí tó fẹ̀, kò ṣòro láti mọ̀ lọ́wọ́. Màá gbé e lọ sínú èyí tó wà ní òpin kejì. Ẹyọ kan péré ni lọ́sẹ̀ kan. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọrí ló yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́."

Èyí tó wà ní òpin kejì, Oúnjẹ ni. Mo wo agolo aláwọ̀ ewé náà. Ọjọ́rú mẹ́rin ló wà nínú oṣù kìíní, márùn-ún ló wà nínú èkejì. Mo rántí ara mi nígbà ìsinmi ọ̀sán, tí mo ń na ìka sí àwọn àgbà obìnrin, tí mo ń sọ fún wọn pé ọwọ́ ló ń mọ owó ná. Ojú tì mí débi pé etí mi ń hó. Mo ti fi oṣù méjì ṣọ́ agolo tí owó ń jáde nínú rẹ̀, mi ò wo èyí tó ń wọ̀ sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Màmá, ojú yín ni a ń tọ́jú owó yìí fún."

"Mo mọ̀. Ojú mi ni kò ríran, ìyàwó mi, etí mi ò dí. Mo ń gbọ́ bí ṣíbí ṣe ń ha ìdí ìkòkò kí àwọn ọmọ tó jẹun tán. Àwo márùn-ún ló yẹ kó máa dún nínú ilé yìí lálẹ́, mẹ́rin ni mo ń gbọ́. Mo ń gbọ́ tí ọmọ yìí ń béèrè bóyá oúnjẹ ṣì kù, ìyẹn nìkan sì ni ìbéèrè rẹ̀ tí o kì í dá lóhùn. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Kí ni mo wá fẹ́ fi ojú tuntun wò? Egungun ọmọ?"

Ọkọ mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, òjò ń kán lára rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tó dé. Ó wọlé, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá rẹ̀, ó gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Màámi, ẹ jí owó ara yín."

"Tèmi ni mo jí. Ta ló fẹ́ mú mi?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà lẹ́nu rẹ̀, ó gbé ojú pamọ́ sínú aṣọ ìyá rẹ̀. Èmi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń ṣa ìwé ọmọ mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo kan ìbọ̀sẹ̀ olówùú àwọ̀ méjì yẹn, ọwọ́ mi ò ṣiṣẹ́ mọ́. Èmi tí mò ń rán aṣọ ilé ìwé fún ọmọ gbogbo ìlú. Mo ní, "Má bínú." Ọ̀rọ̀ yẹn kì í yá lẹ́nu ìyá sí ọmọ, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́, mo sì tún un sọ. Ó gba ìbọ̀sẹ̀ náà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ó ti tán, Mọ́mì."

Màmá kò tíì parí tiẹ̀. "Mi ò ní fọwọ́ kan agolo náà mọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ mi níbí ni wàá ti máa jẹun láti òní lọ, níbi tí etí mi á ti tó ọ. Alẹ́ tí mi ò bá gbọ́ ṣíbí rẹ, màá dìde lọ sídìí pẹpẹ."

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Mo gbọ́ lóòótọ́. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ń fi ẹyọ kan tí Màmá ń jí sínú agolo Oúnjẹ ní gbangba, kí àwọn ọmọ lè jẹun. Ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ odidi ẹyin tirẹ̀, ó sì ń béèrè ìdí tí àárín rẹ̀ fi pọ́n. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí dókítà kọ kò yí padà. Ọkọ mi rí iṣẹ́ àjà kíkùn nínú àwọn ọ́fíìsì, níbi tí òjò ò lè dé, ó ń dé lálẹ́ pẹ̀lú ọ̀dà funfun nínú irun. Mo ń kó kọ́là wálé, mo ń rán an títí ẹ̀yìn á fi dùn mí. Síbẹ̀, bí mo bá ṣírò rẹ̀, kò ní pé. Ó ṣì ku ibì kan tí mo lè gé nínú ilé náà, ara mi sì ni.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo ń jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Màá bu ṣíbí mẹ́ta sínú àwo mi, màá jẹ ìyẹn ní tòótọ́. Lẹ́yìn náà, màá máa fi ṣíbí ha àwo lásán, màá máa jẹnu, màá mu omi, màá mí bí ẹni tó yó. Ìpín mi tó kù á wà nínú ìkòkò, àwọn ọmọ á jẹ ẹ́ láàárọ̀, owó búrẹ́dì á sì bọ́ sínú agolo funfun. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé agolo kan yá èkejì lówó. Èmi ni mo yá a.

"Ṣé ó tó ọ?" Màmá á bi mí.

"Ó tó, Màmá. Mo yó."

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ń ha àwo mi lọ, ó dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Ṣíbí rẹ yìí."

"Kí ló ṣe é, Màmá?"

Ó fi ìka ro etí rẹ̀ kan, ó ro èkejì. "Kò sí nǹkan. Máa jẹun rẹ." Mo rò pé mo ti borí.

Àkọ́bí mi rí mi. Ó wá mú ife, ó wo inú àwo mi, ó wo ṣíbí tó ń lọ tó ń bọ̀, ó wo ojú mi. Ó mú ife náà lọ. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ tí kì í pariwo yìí bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun bí ẹni tó ń la igi, ó ń gbá ṣíbí mọ́ àwo, ó ń fa àga. Lọ́jọ́ tí Ìbéèrè wá dúró níwájú mi, tó na ìka sí àwo mi, tó ya ẹnu, kí ọ̀rọ̀ tó jáde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi búrẹ́dì dí i lẹ́nu, ó sì ti gbé e lọ.

Níbi iṣẹ́, òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Mo rán kọ́là mẹ́ta sódì. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún mi ní ìka. Obìnrin tó ń rán àpò wá sídìí ẹ̀rọ mi, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ó gbé ìdajì búrẹ́dì rẹ̀ síwájú mi, ó dúró tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ọgbọ́n owó níná mọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú ọjọ́ tí dókítà kọ, owó pé. Ó tilẹ̀ fi bébà méjì lé. Ọkọ mi kà á, èmi kà á, àkọ́bí kà á, Màmá fi ọwọ́ kà á.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, mi ò rántí nǹkan púpọ̀ ju kọ́rídọ̀ ilé ìwòsàn náà lọ. Mo ń rìn ín lọ, mo ń rìn ín bọ̀, títí nọ́ọ̀sì kan fi bi mí bóyá mo fẹ́ kí òun fún mi ní ìgbálẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, gbogbo wa wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí báńdéèjì náà. Mo wọ aṣọ mi tó fẹ̀ jù, mo sì ká ìbòrùn mọ́ ọrùn, bẹ́ẹ̀ ooru ń mú.

Màmá ṣẹ́jú. Omi dà lójú rẹ̀. Ó wo ọkọ mi.

"O ti hu ewú," ó ní.

"Mo ti hu ewú, Màámi." Ó ń sunkún, kò sì fi pamọ́.

"Ọmọ yìí ti ga jù mí lọ." Àkọ́bí ni.

Ìbéèrè na ọwọ́ sí i. "Ìyá àgbà, ìka mélòó nìyí?"

"Mẹ́ta. Wọ́n sì dọ̀tí."

Ó wá yíjú sí mi. Ó wò mí pẹ́. Ó pè mí kí n sún mọ́ òun, mo sún mọ́ ọn. Ó tú ìbòrùn náà lọ́rùn mi, ó fi ìka rẹ̀ sínú kòtò tó wà lókè egungun èjìká mi, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ," ó ní. "Gbogbo alẹ́ ni mo ń gbọ́ ṣíbí yẹn. Ó ń dún bí ṣíbí inú àwo òfìfo. Mo rò pé etí mi náà ló fẹ́ lọ. Ẹ̀rù bà mí, ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n mi ò sọ, nítorí mo mọ̀ ọ́. Bí mo bá sọ, wàá gbé agolo karùn-ún kalẹ̀."

"Màmá, mo ń jẹun."

"Má purọ́ fún mi. Mo ti ń ríran."

Ọkọ mi ti yíjú sí ògiri. Èmi ò rí ibi tí màá yíjú sí, mo sì sunkún níbẹ̀, pẹ̀lú ìka rẹ̀ lọ́rùn mi, lójú nọ́ọ̀sì.

Nígbà tá a délé, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á lọ́wọ́. Ó lọ sídìí pẹpẹ fúnra rẹ̀, ó dúró, ó wo àwọn agolo náà. "Funfun lẹ kun tèmi," ó ní. Ó ṣí i, ó mú bébà méjì tó kù níbẹ̀, ó nà wọ́n sí àkọ́bí. "Lọ ra ẹja. Ra ẹyin, ra búrẹ́dì tó gbóná. Má mú ṣéńjì wálé."

Mo la ẹnu láti sọ òfin. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo pa ẹnu mi dé.

Nígbà tí oúnjẹ dé, mo gbé àpótí mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó mi orí, ó na ìka síwájú ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí, ojú mi kọ ojú rẹ̀, àwo lórí ẹsẹ̀ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ní ṣíbí kẹrin, mo ti fẹ́ dìde, mo rántí pé mi ò tíì wo bóyá wọ́n pa iná ìdáná.

"Jókòó," Màmá sọ.

Mo jókòó. Mo jẹ ẹ́ títí ó fi tán. Ó wo inú àwo náà, ó wo ojú mi, ó ní kí wọ́n tún bù sí i fún mi.